Lẹ́tà Láti Ilé Ìdẹ̀ra

“Ẹ ka orúkọ ẹni tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i,” ni Kúlísúmù wí.

Clement Ọláníran ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà. “Mísìs Bernice Fọláránmi, mà. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló dá Ilé Ìdẹ̀ra sílẹ̀.”

Kúlísúmù na ọwọ́, ó gba lẹ́tà náà. Kò tíì ka ìlà kan nínú rẹ̀ tó fi mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Ọwọ́ gbọọrọ tó dúró ṣánṣán bí ọ̀pá ni, tí kò fì sọ́tùn-ún, tí kò fì sósì. Ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, ní 1955, ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì ilé-ìwé rẹ̀ pé: A lé ọmọ yìí lọ nítorí ìwàkiwà.

Àwọn mẹ́ta ló yí tábìlì ká ní pálọ̀ ilé olóògbé Alhaji Sùlàímọ́nù ní Àmùwò. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ẹbí wọn láti fi kọ́ Festac Town, tí wọ́n sì san owó gbà-má-bínú, Alhaji kò jẹ́ kí ẹbí pín in tán. Ó yọ apá kan sọ́tọ̀, ó fi ilé mélòó kan kún un, ó ní kí wọ́n máa fi ran àwọn tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́. “Ilẹ̀ tó lọ lọ́wọ́ wa, àlejò ló ń gbé orí rẹ̀,” ni bàbá náà wí. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé onílẹ̀ wà, pé onílẹ̀ kì í ṣe ahun.”

Ó fi Kúlísúmù, àkọ́bí rẹ̀, ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó náà. Ó fi Àmúsà àbúrò Kúlísúmù tì í. Ó ní ẹni kẹta kò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ ẹbí, kí ojú ìta lè wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe mú Clement nìyẹn, akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbé ní Fourth Avenue ní Festac. Òfin tí Alhaji fi sílẹ̀ kò pọ̀. Kí wọ́n ka lẹ́tà. Kí wọ́n lọ wo ibẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n bi ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ léèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n má bi ẹni tó ń ràn án. Bí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì ní rárá, rárá náà ni.

“Kí ni wọ́n ń fẹ́?” ni Àmúsà bèèrè.

“Ilé gígùn yín ni, sà, èyí tí àwọn tó kọ́ Festac fi ń sùn, tó ṣófo láti ìgbà tí iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó ni ilé tí wọ́n wà báyìí ní kí wọ́n kó jáde kí ọdún tó parí. Àwọn ọmọdébìnrin tó lóyún nílé-ìwé ni wọ́n ń tọ́jú, àwọn tí ilé-ìwé lé, tí ilé náà lé. Wọ́n á bímọ níbẹ̀, wọ́n á kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ìyá tó dá a sílẹ̀ á sì wá bí wọ́n á ṣe padà sídìí ìwé.”

“Èyí dáa,” ni Àmúsà wí. “Nínú gbogbo lẹ́tà tó wà nílẹ̀ yìí, èyí ló dáa jù. Ó sàn ju àwọn ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ tó ní ká kọ́ gbọ̀ngàn ijó fáwọn láti fi sin aláìní.”

Kúlísúmù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. “Àwọn tí ilé-ìwé lé,” ni ó wí. “Bernice Fọláránmi ló wá ń tọ́jú wọn. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó.”

Nílé-ìwé míṣọ́n ayé ìgbà náà, wọn kì í pe orúkọ Kúlísúmù. Kọ́mfọ́ọ̀tì ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ tó wọlé. Ó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, lórí ìlà, Mísìs Fọláránmi pè é jáde síwájú gbogbo ilé-ìwé. Ó gbé ọwọ́ lé e nínú. “Ẹ wò ó dáadáa,” ni ó wí, “kí ẹ lè mọ ohun tó ń pa ọmọbìnrin.” Kúlísúmù ní òun kò mọ ọkùnrin kankan. Wọ́n fi ariwo pa á lẹ́nu mọ́.

Bàbá rẹ̀ gba káàdì náà, ìtìjú mú un, ó tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìnkùlé. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi retí ọmọ. Kò sí ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ló dé. Kókó ló ti wú nínú ilé ọmọ rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì fi máa gbé e dé ọsibítù, dókítà yọ kókó, ó yọ ilé ọmọ mọ́ ọn. Ọkọ méjì ló ti fẹ́ ẹ láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ obìnrin mìíràn ni àwọn méjèèjì ti bímọ. Títí Alhaji fi kú, kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí ọmọ òun má bínú. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ló fi ṣe alága.

Lọ́jọ́ kẹta, Kúlísúmù àti Clement lọ sí Ilé Ìdẹ̀ra láìsọ tẹ́lẹ̀. Ohun tí Kúlísúmù ń wá kiri ni àléébù. Ó wo ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó wo ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́, ó ṣí ìbòrí ibùsùn. Gbogbo rẹ̀ mọ́. Mísìs Fọláránmi kò sí nílé, ó ti gbé ọmọ kan lọ sí ọsibítù. Ọmọbìnrin kan tí oyún rẹ̀ ti ga jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ.

“Kí lorúkọ ẹ?” ni Kúlísúmù bi í.

“Ẹ má bínú mà, Màmá ní a ò gbọdọ̀ sọ orúkọ wa fún àlejò.”

Clement fi yé e pé ìgbìmọ̀ tó fẹ́ fún wọn nílé làwọn. Ọmọ náà wo ojú àwọn méjèèjì. “Bọ́sẹ̀ ni, mà.”

“Ṣé wọ́n ń lù yín níbí?”

“Rárá, mà.”

“Ṣé wọ́n ń fi oyún yín bú yín?”

“Rárá, mà. Ẹni tó bá fi bú wa, Màmá á bá a jà.”

“Kí ló wá burú níbí? Sọ òtítọ́ fún mi.”

Bọ́sẹ̀ ronú díẹ̀. “Ẹ̀wà ti pọ̀ jù, mà.”

Clement bú sẹ́rìn-ín. Kúlísúmù kò rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ti ń padà lọ sídìí mọ́tò, Clement ní, “Alhaja, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.”

“Kò tíì parí,” ni Kúlísúmù wí. “Ẹ ránṣẹ́ pe obìnrin náà kó wá bá wa lọ́jọ́ Sátidé.”

Kì í ṣe àṣà wọn láti pe ẹnikẹ́ni wá síwájú ìgbìmọ̀. Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, Kúlísúmù ní kí wọ́n gbé àga tó kọjú sí tábìlì kúrò.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá àgbà ni,” ni Àmúsà wí.

“Kó dúró.”

Mísìs Fọláránmi wọlé pẹ̀lú irun funfun àti bàtà tó dán. Ó kí wọn, ó wo ibi tí àga yẹ kó wà, ó sì dúró gangan láìráhùn. Kò dá alága náà mọ̀ rárá.

“Kí ló mú yín bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mà?” ni Kúlísúmù bèèrè.

“Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ni, Alhaja. Ó lóyún nígbà tó ku ọdún kan kó ṣe ìdánwò àṣejáde. Bàbá rẹ̀ lé e. Inú odò ni wọ́n ti gbé òkú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni n ò ti lè sinmi.”

Nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, Kúlísúmù ti rò pé obìnrin náà á dárúkọ òun, pé ní òru gbogbo láti ọdún wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ òun ti ń jẹ ẹ́ nínú. Kò tilẹ̀ sí i lọ́kàn. Inú bí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

“Kí ti ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí ẹ jẹ́ ọ̀gá, ṣé ẹ lé ọmọ?”

“Mo lé ọmọ. Bí a ti ń ṣe é nígbà náà nìyẹn.”

“Ṣé ẹ rántí orúkọ wọn?”

“Mo rántí díẹ̀.”

“Kọ́mfọ́ọ̀tì ńkọ́?”

“Kọ́mfọ́ọ̀tì.” Ó fi ojú wá orúkọ náà lórí ògiri. “Ọmọ Àmùwò ni. Ohùn orin rẹ̀ dùn.” Lẹ́yìn náà ni ó wo alága, ó wò ó pẹ́. “Ìwọ ni?”

“Ẹ má fi ‘ìwọ’ pè mí.”

“Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin ni?”

“Kò sóyún nínú mi lọ́jọ́ náà. Kókó ni. Wọ́n tì mí mọ́lé títí ó fi bà mí jẹ́. Wọ́n yọ ilé ọmọ mi, Mísìs Fọláránmi. Mi ò bí ẹyọ kan.”

“Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé àìsàn ni.”

“Ṣé ẹ bèèrè?”

“Mi ò bèèrè.”

Ìyá náà gbé àpò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó di etí tábìlì mú, ó sì rọra kúnlẹ̀, orúnkún kan ṣáájú ìkejì. Àmúsà fò dìde. “Áà! Màmá, ẹ dìde! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dìde!”

“Jókòó, Àmúsà.”

Kúlísúmù wo orí funfun náà nílẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi retí kí orúnkún yẹn kanlẹ̀. Ó kanlẹ̀ wàyí, kò sì tó o.

“A máa fún àwọn ọmọ náà nílé,” ni ó wí. “Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa darí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti kó wọbẹ̀, ẹsẹ̀ yín kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà. Èmi ni màá wá ọ̀gá mìíràn fún wọn. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, èmi náà á fọwọ́ sí i. Bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, mo ti ní rárá nìyẹn.”

“Alhaja,” ni Clement wí pẹ̀lẹ́, “Alhaji ò fi irú èyí sínú—”

“Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

Clement kọ ọ́. Mísìs Fọláránmi wà lórí ìkúnlẹ̀ títí ó fi kọ ọ́ tán. “Èyí tí wọ́n ń pè ní Bọ́sẹ̀,” ni ó wí, “ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ga. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá, kó má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù bà á.”

“Ìyẹn ò kàn yín mọ́.”

Ìyá náà gba bírò, ó sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìkọ̀wé tó dúró ṣánṣán.

Àwọn ọmọ náà kó wọ ilé gígùn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e sì dùn mọ́ Kúlísúmù bí oyin. Ó ń jẹun, ó ń sùn. Bó bá ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ti ń ta páànù àti símẹ́ńtì lójú ọ̀nà Trade Fair, á ní kí dírẹ́bà gba inú Festac kọjá, kí ó rọra rìn níwájú ilé Mísìs Fọláránmi. Á rí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ó jókòó, kò ṣe nǹkan kan. “Jókòó síbẹ̀,” ni Kúlísúmù máa ń sọ sínú ara rẹ̀. “Kí ìwọ náà mọ bí ó ṣe ń rí kí wọ́n léèyàn lẹ́nu ohun tó fẹ́ràn.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, Clement wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Kò tíì wá síbẹ̀ rí.

“Bọ́sẹ̀ ti sá lọ, Alhaja.”

“Bọ́sẹ̀ wo?”

“Èyí tó ní ẹ̀wà pọ̀ jù. Ọjọ́ kejì rèé.”

Wọ́n jọ lọ sí ilé gígùn náà. Adébùnmí Ògúnjìnmí, ọ̀rẹ́ Kúlísúmù tó fi ṣe ọ̀gá tuntun, pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ara obìnrin náà balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

“Mo kọ̀wé sáwọn bàbá wọn ni,” ni ó wí. “Ó yẹ kí òbí mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà. Mo sì kó wọn sórí ìlà láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo ní kí kálukú sọ ẹni tó fún un lóyún sétí gbogbo wọn. Bọ́sẹ̀ ò sọ, mo bá ní kó bọ́ síwájú. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ dé pẹ̀lú bẹ́líìtì. Ibẹ̀ ló ti gba ẹ̀yìnkùlé sá. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, Alhaja. Ìtìjú díẹ̀ kì í pa ọmọ.”

“Ṣé ẹ gbé ọwọ́ lé e nínú?”

“Mà?”

“Nígbà tó bọ́ síwájú. Ṣé ẹ gbé ọwọ́ lé e nínú?”

Adébùnmí rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. “Mo kàn fi han àwọn yòókù ni, kí wọ́n lè kọ́gbọ́n.”

Kúlísúmù yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà, méje, dúró lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń wò ó. Kò sí ẹni tó kí i. Ó yé e pé wọ́n mọ ẹni tó mú Adébùnmí wá.

“Ẹ kó ẹrù yín, Mísìs Ògúnjìnmí,” ni ó wí. “Lónìí yìí.”

Ó ní kí Clement dúró ti àwọn ọmọ náà, òun nìkan wọ mọ́tò. Kò nílò kó bi ẹnikẹ́ni ibi tí òun máa wá ọmọ náà sí.

Ó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé Mísìs Fọláránmi, ó kanlẹ̀kùn. Ìyá náà ṣí i díẹ̀, ó fi ara dí àlàfo tó kù.

“Mi ò dé ibẹ̀, Alhaja,” ni ó tètè wí. “Ẹsẹ̀ mi ò tẹ ibẹ̀. Òun ló wá bá mi.”

“Ṣé ó wà láàyè?”

“Ó ń sùn. Mo gbé e lọ sí ọsibítù lánàá, wọ́n ti fún un lóògùn. Ọmọ inú rẹ̀ ń mira.” Kò tú ilẹ̀kùn sílẹ̀. “Bó bá jẹ́ pé ẹ wá mú un fún bàbá rẹ̀ ni, ẹ má bínú, mi ò ní gbé e sílẹ̀. Ẹ gba ilé yín padà. Màá lọ sùn pẹ̀lú àwọn ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Kúlísúmù wò ó. Ó fẹ́ rí i kí ìyá náà bẹ̀rù òun. Ẹ̀rù náà wà lójú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀kùn.

“Ká ní ẹ ti ṣe báyìí nítorí tèmi,” ni Kúlísúmù wí. “Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín lọ́jọ́ Ajé. Màá ní kí wọ́n fagi lé ohun tí ẹ fọwọ́ sí.”

Omi bọ́ lójú Mísìs Fọláránmi. “Ẹ ṣé. Ọlọ́run á—”

“Ẹ má dúpẹ́, ẹ má ṣàdúrà. Mi ò dárí jì yín. Bóyá mi ò ní dárí jì yín láé. Ọ̀rọ̀ yẹn wà láàárín àwa méjèèjì, kò kan àwọn ọmọ wọ̀nyí. Èmi ni mo fi kàn wọ́n.”

Ìyá náà mi orí. “Mi ò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ gbàgbé,” ni ó wí.

Kúlísúmù sọ̀kalẹ̀. Inú mọ́tò ló wà kí ó tó mọ̀ pé òun ń sunkún, ó sì bínú sí ara rẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún jókòó ní pálọ̀. Clement ti fagi lé àdéhùn náà. Àmúsà ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ojú.

“Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé,” ni Kúlísúmù wí, “pé láti òní lọ, bí ọ̀rọ̀ Ilé Ìdẹ̀ra bá ti dé orí tábìlì yìí, èmi á dìde kúrò nínú yàrá. Àmúsà àtẹ̀yin lẹ máa dá a.”

Bírò Clement rìn díẹ̀, ó dúró. “Alhaja, àwọn tó máa ka ìwé yìí lẹ́yìn wa á fẹ́ mọ ìdí. Ṣé kí n kọ ọ́ pé ara yín ò yá ni, àbí kí n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀?”

“Ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí i.”

“Kí ni kí n kọ, mà?”

“Ẹ kọ ọ́ pé Kúlísúmù ọmọ Sùlàímọ́nù ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú obìnrin náà, tí kò tíì parí.”